Láwàní Tí Sùlú Wé Fún Mi

Ẹ jókòó. Ẹ̀yin tí ẹ wá bẹ̀ mí, ẹ wá àyè lórí ẹní. Yàháyà, ìwọ tí o jẹ́ àkọ́bí mi, bọ́ fìlà, ooru ń mú. Mo ti gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ sọ. Ẹ ní ìwé ìpè ti jáde, ẹ ní alásè ti ra màlúù, ẹ ní kánópì á dé lọ́la, ẹ ní Sátidé tí a fẹ́ ṣe wòlímọ̀ ìparí kéwú ò jìnnà mọ́. Mo gbọ́. Mo sì tún un sọ lójú gbogbo yín pé mi ò ní wé láwàní fún Mùbáráàkì. Ọmọ ọmọ mi ni, ẹ̀jẹ̀ mi ni, ohùn kéwú rẹ̀ dùn ju ti gbogbo wa lọ, mi ò sì ní wé e. Bí ẹ bá gbé mi débẹ̀ bí ẹni gbé àpótí, ọwọ́ mi ò ní gòkè. Láwàní náà nìyí lábẹ́ itan mi. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó kọ́kọ́ gbé mi kúrò lórí rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti Èkó dé láàárọ̀ yìí, ẹ ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ kàn ń sọ pé Bàbá ti darúgbó, Bàbá ń ṣe orí kunkun. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Ẹ mọ Bàbá Ládánì, ẹni tó ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí iwájú ilé wa yìí. Ohùn ọkùnrin yẹn ni wọ́n fi jí ọ̀pọ̀ nínú yín láti ìgbà tí ẹ wà lẹ́yìn ìyá yín. Ní àsùbá ọjọ́ kan, ó ń pe ìrun lọ, ohùn rẹ̀ là láàárín, ó húkọ́, ó sì tún ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kí ló burú níbẹ̀? Àgbà ni, ọyẹ́ sì ń jà. Ṣùgbọ́n Mùbáráàkì wà níbẹ̀ tòun ti fóònù. Ó ká a sílẹ̀, ó fi ẹ̀rín sí i, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kí ẹni rere kan ra bátìrì tuntun fún Bàbá. Ó sì jù ú sí ojú ayé. Gbogbo Ìlọrin rẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín dé ibi tí a ò mọ̀. Ọmọ ọmọ Ládánì fúnra rẹ̀ ló gbé fóònù wá han bàbá náà, ó rò pé á pa á lẹ́rìn-ín ni.

Lọ́jọ́ kejì, Ládánì gbé kọ́kọ́rọ́ mọ́ṣáláṣí fún Lèmọ́mù. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Láti ọjọ́ náà, ohùn ẹnìkan tí a ò mọ̀ rí ni wọ́n ń tẹ̀ nínú ẹ̀rọ tí sípíkà ń gbé jáde fún wa. Ó dùn. Kì í húkọ́. Bẹ́ẹ̀, kò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni nínú wa.

Yàháyà, o ní ọmọ rẹ ti pa á rẹ́ nínú fóònù. O ní ọ̀rọ̀ ti tán. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. O lè pa á rẹ́ nínú fóònù. Ṣé o lè pa á rẹ́ nínú etí Ládánì? Mo bi Mùbáráàkì pé ṣé ó ti lọ túúbá. Ó ní òun ti kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ọmọ ọmọ rẹ̀ kó bá òun sọ fún un. Ó kọ ọ́ ránṣẹ́. Mọ́ṣáláṣí sì nìyẹn, tí mo bá sọ òkúta láti ibi tí mo jókòó sí, á bà á.

Ẹ máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé láwàní mi kì í gún. Ìyá yín, Ọlọ́hun kẹ́ ẹ, kò yéé tún un ṣe títí ó fi kú. Bó bá fà á sọ́tùn-ún, èmi á tún dá a padà sósì. Ẹ rò pé n kò mọ̀ ọ́n wé ni. Mo mọ̀ ọ́n wé. Ó wọ́ nítorí pé bí ẹni tó kọ́kọ́ wé e fún mi ṣe wé e nìyẹn, mi ò sì fẹ́ kó gún. Mi ò sọ ìtàn rẹ̀ fún yín rí nítorí pé ojú ń tì mí. Lónìí, ẹ ti ti ẹ̀yìn mi mọ́ ògiri, mo máa sọ ọ́. Mùbáráàkì, má dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọlé.

Ilé kéwú wa kò ní bẹ́ǹṣì, kò ní pátákó, kò sí ẹni tó ń wọ yunifọ́ọ̀mù. Àfáà wa ń jókòó lórí awọ àgbò, àwa wà lórí iyẹ̀pẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ la ti ń ké, olúkúlùkù pẹ̀lú ojú wàláà tirẹ̀, ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ẹnìkan ti ń parí lọ, gbogbo rẹ̀ á pọ̀ mọ́ra, ẹ ò ní mọ orí yàtọ̀ sí ìdí. Àfi Àfáà. Á wà níbẹ̀ á dijú, ẹ ó rò pé ó ti sùn. Lójijì á na pàṣán sí ẹnìkan láàárín ọgbọ̀n èèyàn, á ní, "Ìwọ, o fo ibì kan, padà sẹ́yìn." Lẹ́yìn náà ni a ó gbọ́ ohùn àwọn obìnrin Fúlàní tó ń kiri wàrà, ebi á bẹ̀rẹ̀ sí í jà nínú kéwú wa, a ó sì máa sáré kà á.

Igi pẹlẹbẹ ni wàláà. Àwa la ń fúnra wa se tàdáà tí a fi ń kọ̀wé sí i, ọwọ́ wa dúdú láti Sátidé dé Sátidé. Bí o bá ti há ojú wàláà kan sórí, tí Àfáà gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ tí kò sí àṣìṣe, ìgbà yẹn ni wàá tó fọ̀ ọ́ kí wọ́n lè kọ òmíràn. Omi tí o fi fọ̀ ọ́ kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun ni. Wàá gbé igbá sábẹ́ rẹ̀, wàá sì mu ún. Hàntú là ń pe omi náà. Ẹnikẹ́ni kì í fọ wàláà ẹlòmíràn. Bí o bá jí bàtà ẹni, wọ́n á nà ọ́, ó tán. Ṣùgbọ́n kí èèyàn fọ wàláà ẹni tí kò tíì há a sórí, kò tilẹ̀ sí ìjìyà tí wọ́n là sílẹ̀ fún un, torí pé kò sẹ́ni tó rò pé ẹnìkan lè ṣe é.

Èmi ni mo ṣe é.

Àfáà wa kì í ṣe wàásù gígùn. Ó ní ohun kan wà nínú ọmọ Ádámọ̀ tí wọ́n ń pè ní nàfúsì. Ó ní òbúkọ ni, a bí i mọ́ ọ ni, o ò lè tà á, o ò sì lè pa á. Ní ìbẹ̀rẹ̀, òun ló ń fà ọ́ kiri, ibi tó bá darí sí lò ń lọ, tó bá ní kí o ṣe ibi, wàá ṣe é. Bí o bá ń tọ́ ọ, ó ń bọ̀ wá di pé ó ń bá ara rẹ̀ wí, ó ṣe aburú tán, kò rí oorun sùn. Bí o bá tún tẹra mọ́ ọn, ọjọ́ kan á balẹ̀, ọkàn rẹ á fara rọ sọ́dọ̀ Ẹni tó dá a. Àlàyé náà kò jù báyẹn lọ. Ohun tó kù, iṣẹ́ ló fi ń kọ́ wa. Ẹni tó bá ní ahun, òun ló máa ń pín oúnjẹ, tirẹ̀ á sì kẹ́yìn. Ẹni tó bá fẹ́ràn ìjà, á ní kó máa bá ẹni tí wọ́n jọ jà pọnmi sílé. Èmi tí ohùn mi dùn, tí àwọn ìyá olówò ń ti ọjà Ìpàtá wá gbọ́, ọjọ́ tí àlejò bá pọ̀ jù lọ ni Àfáà máa ń ní kí n lọ gbálẹ̀ ẹ̀yìnkùlé. Mo rò pé ó ń jowú mi ni.

Lónìí ńkọ́? Wọ́n ní sẹ́mínà kan wáyé ládùúgbò Post Office lóṣù tó kọjá, wọ́n ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí a ṣe ń tún ọkàn ṣe. Mùbáráàkì lọ. Wákàtí méjì ni, wọ́n jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù ráìsì, wọ́n sì gba sátífíkéétì. Sátífíkéétì náà nìyẹn lára ògiri. Kí ẹ wá wò ó, ọjọ́ kẹrin tó gbà á ló ká Ládánì sílẹ̀. Èmi ò bú sẹ́mínà. Mo kàn fẹ́ mọ ẹni tí wọ́n ní kí ó bá pọnmi lọ́jọ́ náà.

Ó dára. Ọ̀rọ̀ Sùlú, tí a jọ ń kéwú, ni mo fẹ́ sọ. Ará Òkè-Oyì ni, ọmọ àgbẹ̀, ó jù mí lọ díẹ̀. Akólòlò ni. Ojú wàláà tí èmi há láàárọ̀, ó lè gbà á ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kò ní bínú, á kàn máa tún un kà, á máa tún un kà, orí kan náà, títí etí wa á fi kún. Wòlímọ̀ wa kù díẹ̀, ara mi ti wà lọ́nà, ìyá mi ti fọwọ́ ara rẹ̀ hun aṣọ tí wọ́n fi rán agbádá fún mi. Lọ́jọ́ náà Àfáà jáde lọ kí aláìsàn. Sùlú wà lórí wàláà kan náà láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Mo dìde, mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo bu omi sí i, mo fọ̀ ọ́ mọ́ féú, mo sì gbé igbá náà sẹ́nu, mo mu ún tán lójú gbogbo wọn. Mo ní, "Jẹ́ kí n bá ọ gbé e mì, nígbà tí kò fẹ́ wọ orí rẹ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi ọwọ́ lu ilẹ̀. Mùbáráàkì, o mọ ẹ̀rín yẹn, o mọ bó ṣe ń dùn lára. Sùlú wo wàláà òfìfo náà. Ó gbé e sí ìdí ògiri, ó sì jáde. Lọ́jọ́ kejì a gbọ́ pé ó ti padà sí oko bàbá rẹ̀.

Wọ́n ròyìn rẹ̀ fún Àfáà, ṣùgbọ́n kò bi mí. Ọjọ́ wòlímọ̀ pé. Gbogbo èèyàn wá, ìyá mi wà níwájú pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo ké kéwú débi pé àgbà ń sunkún. Àfáà bẹ̀rẹ̀ sí í wé láwàní, ó ń bọ̀ láti orí dé orí. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó wò mí, ó ká láwàní tèmi wẹ́rẹ́, ó fi í sí àpò agbádá rẹ̀, ó sì kọjá sí ẹni tó kàn. Mo ṣì ń tẹ orí. Ojú tì mí débi pé mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ mọ́. Ìyá mi fi gèlè bo ojú. Nígbà tí àlejò túká, Àfáà ní, "Orí rẹ ti kún, òbúkọ rẹ ni kò ní okùn. Lọ bá Sùlú ní Òkè-Oyì. Iṣẹ́ tó bá ń ṣe ni kí o máa bá a ṣe. Ọjọ́ tí òun fẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi pé ó tó, ọjọ́ náà ni wàá wé láwàní."

Ìyá mi bẹ̀ ẹ́. Bàbá mi bẹ̀ ẹ́. Wọ́n kó àwọn àgbà àdúgbò lọ, bí ẹ ṣe kó ara yín wá síbí. Ó ní òun gbọ́, ó sì ní rárá. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo kórìíra rẹ̀ nígbà náà. Lónìí, tí mo bá kírun tán, orúkọ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń dá kí n tó dá ti bàbá tó bí mi.

Mo dé Òkè-Oyì nígbà tí wọ́n ń kọ ebè. Ẹ̀yin ò kọ ebè rí. Ọwọ́ mi bó, ẹ̀yìn mi kò nà mọ́. Oṣù kan gbáko, ìbínú ni mo fi ń gbé ọkọ́. Mo ń bú Sùlú nínú mi, mo ń bú Àfáà, mo ń bú iṣu tí a kò tíì gbìn. Sùlú kò bá mi jà. Ìgbà tí ọkọ́ mi kú, ó bá mi pọ́n ọn. Nígbà tó bá ń ro oko, ó máa ń ké kéwú sínú, orí kan ṣoṣo náà, tó bá dé ibì kan á dúró, á tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ó sú mi. Mo ní, "Kí ló dé tí o kì í kọjá ibẹ̀ yẹn?"

Ó gbé ọkọ́ sílẹ̀. Ó ní, "Ib-ibẹ̀ ni mo há dé, kí o tó fọ̀ ọ́. B-bá mi kà á síwájú."

Mo la ẹnu mi. Èmi tí mo ti há gbogbo rẹ̀ sórí láti ìgbà pípẹ́, èmi tí àgbà ń sunkún nítorí ohùn mi. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ láti òkè, mo sáré dé ibẹ̀, ó ṣófo. Mo tún bẹ̀rẹ̀. Ó ṣófo. Mo ti mu ún lójú gbogbo ayé, mi ò sì rí i nínú ara mi. Sùlú dúró, ó ń retí. Kò rẹ́rìn-ín. Mo bá jókòó sórí ebè, mo sunkún bí ọmọdé. Láti ọjọ́ náà ni nàfúsì mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi wí, mo fi Ọlọ́hun búra, kò tíì dákẹ́ títí di òní.

Ní àsùbá ọjọ́ kejì mo gbéra, mo fi ẹsẹ̀ rìn wá sí Ìlọrin. Mo wọ agbádá tí ìyá mi hun, kí ẹnikẹ́ni má baà rí mi bí alágbàṣe. Ẹ rí i, òbúkọ ò tíì kú. Mo dọ̀bálẹ̀ fún Àfáà, mo ní kó bá mi kọ ojú wàláà tí mo fọ̀. Kò bi mí pé kí ló dé. Ó kọ ọ́, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó ní, "Má jẹ́ kó pa rẹ́." Mo gbé e lé orí. Ọ̀nà Òkè-Oyì gùn nígbà náà, kò sí ọ̀kadà, kò sí bọ́ọ̀sì kéékèèké tí ẹ ń wọ̀ yìí. Mo ti ń rí òrùlé Òkè-Oyì lókèèrè nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ṣú. Kò sí igi tó ní ewé nítòsí. Mo bọ́ agbádá náà, mo fi wé wàláà náà bí a ṣe ń wé ọmọ tuntun, mo fi àyà bò ó, mo sì rìn wọ ìlú ní ìhòòhò àyà nínú òjò, àwọn obìnrin tó ń tajà létí ọ̀nà ń wò mí. Tàdáà gba ara agbádá náà, kò ṣe é wọ̀ mọ́ láéláé. Ṣùgbọ́n wàláà kò pa rẹ́, àfi igun kan, mo sì ti há igun yẹn sórí lójú ọ̀nà.

Kí ni ò ń wí, Mùbáráàkì? Sọ ọ́ sókè.

Ó ní tí Sùlú bá ní òun kò gbà ńkọ́. Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ǹ bá ṣì wà lóko títí di òní, ìyá bàbá rẹ ì bá má mọ̀ mí, ìwọ náà ì bá má sí níhìn-ín. Kò sí ẹni tó ṣèlérí fún mi pé á gbà. Mo kàn ń lọ sóko lójoojúmọ́.

Yàháyà, jókòó. Jẹ́ kí ọmọ rẹ jáde. Má pè é padà. Ọmọ ogún ọdún mọ ibi tó ń lọ.

Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Kí iṣu tuntun tó jáde, Sùlú ti há ojú wàláà náà sórí, ó sì fọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀. Ó mu ìdajì hàntú náà, ó na ìdajì sí mi. Àwa méjèèjì jọ wá sí Ìlọrin, mo ru iṣu rẹ̀. Àfáà ní, "Sùlú, òbúkọ ńkọ́?" Ó ní, "Ó-ó ti ń jẹ koríko lọ́wọ́ mi, Àfáà. Ṣùgbọ́n ó ṣì máa ń k-kan èèyàn." Àfáà rẹ́rìn-ín débi tó fi nu ojú. Ó yọ láwàní náà nínú àpò, ó gbé e fún Sùlú, ó ní kó wé e. Sùlú tí kò wé láwàní fún ẹnikẹ́ni rí, pẹ̀lú ọwọ́ oko, ó wé e wọ́ sí apá òsì. Àfáà kò tún un ṣe. Kò sí kánópì, kò sí alásè. Ìyá mi nìkan ló wà níbẹ̀, iṣu la sì jẹ.

Ṣé ẹ ti wá gbọ́? Ẹ máa ní ayé ti yàtọ̀. Ó yàtọ̀ lóòótọ́. Fóònù kò sí nígbà náà, wàláà kò sí báyìí. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún mi pé òbúkọ ti yàtọ̀. Èmi tí ẹ ń wò yìí, ìpele kẹta tí Àfáà sọ, ibi tí ọkàn ti ń balẹ̀, mi ò tíì dé ibẹ̀. Mo ṣì wà lójú ọ̀nà pẹ̀lú irun funfun. Ẹ wá fẹ́ kí n wé ọmọdé tí kò tíì gbéra. Mi ò ní wé e.

Ẹ ti gbọ́ ti ẹ̀rọ. Mọ́gàríbà ti tó. Ẹ jẹ́ kó pariwo tirẹ̀ tán, ká dìde lọ ṣe àlùwàlá.

Ó dákẹ́. Kí ló dé tó dákẹ́ láàárín? Iná wà, wáyà wà. Ẹ dákẹ́ ná, ẹ jẹ́ kí n gbọ́.

Ẹnìkan húkọ́.

Ọlọ́hun Ọba. Ẹ gbọ́ ọ. Ládánì ni. Ohùn rẹ̀ ti là níbẹ̀, ibi tó ti máa ń là gan-an. Ó tún un bẹ̀rẹ̀. Yàháyà, má sunkún, gbé ojú sókè. Ta ló dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí yẹn tó di bútà àlùwàlá mú fún un? Ojú mi ò ríran dáadáa mọ́, ẹ bá mi wò ó.

Mo mọ̀. Mo kàn fẹ́ kí ẹ sọ ọ́ ni.

Ẹ má tíì yọ̀. Ìrun kan ṣoṣo ni Mùbáráàkì dúró tì í yẹn, èmi bá Sùlú ṣiṣẹ́ láti ìgbà ebè títí dé ìgbà iṣu tuntun. Ẹ fa ọwọ́ mi kí n dìde. Láwàní nìyí, ó ti gbóná lábẹ́ mi. Yàháyà, ìwọ fúnra rẹ ni kí o gbé e lọ fún Ládánì, kí o sì kúnlẹ̀. Sọ fún un pé orí wà, láwàní wà, ọwọ́ rẹ̀ nìkan là ń dúró dè. Bó bá jẹ́ Sátidé ló wù ú láti wé e, a ó jẹ màlúù. Bó bá jẹ́ ọdún tó ń bọ̀, a ó ṣì jẹ màlúù, orí ọmọ yẹn á sì wà lófìfo láàárín wa. Bí ọwọ́ Ládánì bá sì gbọ̀n tí láwàní náà wọ́, kí ẹnikẹ́ni nínú yín má ṣe tún un ṣe.